Àmín Tó Di Òfin

Ọkàn Ìbídùn ò balẹ̀ láti ìgbà tí iná pupa ti tàn lára Etí-Ìlú. Ẹ̀rọ náà ló ń tọ́jú ìwé òfin Òkè-Òfurufú, ìlú onírin tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sójú ọ̀run. Bí aráàlú bá ń jíròrò ní gbọ̀ngàn, á máa gbọ́ wọn. Ohun tí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá fohùn sí, á kọ ọ́ sínú òfin lójú ẹsẹ̀. Ìbídùn ló ṣe é. Ọmọ ọ̀hún mọ̀wé dé góńgó, àmọ́ kò rántí kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ pé àdúrà kì í ṣe ìbò. Bẹ́ẹ̀, àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ ṣàmín níwájú bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń jiyàn bóyá kí Alákòóso, ẹni tó ń pín afẹ́fẹ́ tí gbogbo wọn ń mí, lò ju sáà méjì lọ. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì lójú nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Bí wọ́n ṣe fẹ́ túká, Baba Olátẹ́jú, bàbá Ìbídùn, tó dàgbà jù nílùú, dìde láti gbàdúrà bí àgbà ti í ṣe.

"Alákòóso, ẹ ó pẹ́ lórí àga yìí. Kò sẹ́ni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Àwọn ọmọ wa ni yóò sin wá."

Gbogbo gbọ̀ngàn ṣàmín. Ìbídùn náà ṣe é.

Ni Etí-Ìlú bá tan iná pupa, ó kéde pé aráàlú ti fohùn sí i, kò sẹ́ni tí yóò gba àga lọ́wọ́ Alákòóso mọ́.

Alákòóso rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbí mo bẹ̀ yín? Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́."

Ọ̀nà kan péré ló kù láti pa òfin náà rẹ́: kí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà gbà á padà ní gbangba kí agogo mẹ́fà tó lù. Ìṣẹ́jú méje ni. Ìbídùn sáré lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gba àdúrà yẹn padà. Gbogbo rẹ̀ ni o. Ẹ̀rọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀kan kúrò."

"Títí kan pé ọmọ mi ni yóò sin mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí ẹ ò bá gbà á padà, ẹni tó bá ta ko Alákòóso lọ́la, afẹ́fẹ́ onítọ̀hún ló máa tì pa."

"Ẹyin lohùn, Ìbídùn. Tó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́."

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, bàbá kọjú sí gbogbo ìlú, ó ní, "Mo gbà á padà." Iná pupa kú. Ìlú hó yèè, wọ́n gbé Ìbídùn sókè, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"O jí dáadáa?" ni bàbá wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.

"Bàbá, ẹ ò tíì súre fún mi."

"Mi ò mọ èyí tí wọ́n tún máa ní kí n gbà padà."

Ó wọlé lọ. Ìbídùn ò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, ó ń dúró dè é.