Ilé Obì Kékeré Sìlífátù

Ọmọ ọdún méje ni Sìlífátù. Agége ni ilé wọn wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè.

Ní òwúrọ̀ Sátidé yìí, kò lè jẹun. Àyà rẹ̀ ń lù kì, kì, kì.

Lónìí ni ọkọ̀ kékeré yóò rìn.

Bùrọ̀dá Reuben, aládùúgbò wọn, ló ni ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ rélùwéè onípáànù ni. Kò gùn ju apá Sìlífátù lọ. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kirí, kirí, kirí, eré ló máa sá.

Bùrọ̀dá Reuben to irin tín-ín-rín yí orí tábìlì ńlá ká. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ àdúgbò kọ́ Agége kékeré sí ẹ̀gbẹ́ irin náà.

Mùíbì kọ́ ibùdókọ̀. Jọkẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Sìlífátù kọ́ ilé obì.

Sìlífátù mọ ilé obì dáadáa. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣa obì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dì í sínú agbọ̀n, kí ọkọ̀ rélùwéè tó gbé e lọ sí Òkè Ọya.

Ó gé páálí, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ó fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó ká bébà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó di páànù òrùlé. Òrùlé náà nà jáde, kí ọkọ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Sùlíyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wò ó.

"Ó dára," ni Sùlíyá wí. "Ṣùgbọ́n ó mọ́ jù. Ó dà bí aṣọ ọdún. Ilé obì wa kọ́ nìyí."

Sìlífátù dìde. Ó jáde, ó lọ wo ilé obì gidi.

Páànù rẹ̀ ti dógùn-ún. Èéfín ọkọ̀ ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú. Òjò ti ta ẹrẹ̀ pupa sí i nídìí.

"Mo ti rí i," ni Sìlífátù wí. Ó sáré padà sílé.

Ó wá agolo tí wọ́n rẹ ìṣó sí. Omi inú rẹ̀ ti pupa. Tó, tó, tó, ó kán an sórí òrùlé.

Ó fi ìka ha dúdú ìdí ìkòkò. Ó fi í pa ògiri.

Ó po erùpẹ̀ pupa mọ́ omi. Ó wọ́n ọn sí ìdí ilé náà.

Ilé náà gbó. Ó gbó bí ilé obì gidi.

Inú Sìlífátù dùn. Ó tún kán omi sí i. Tó, tó. Ó tún kán an. Tó, tó, tó.

Fẹ̀ẹ̀ẹ̀.

Páálí rọ̀. Òrùlé tẹ̀ wálẹ̀.

Sìlífátù wo ojú ọ̀run. Òjò ti ṣú. Kò sí oòrùn tí yóò gbẹ páálí.

Ó gbé ilé náà sún mọ́ iná ààrò. Ó sún un mọ́ ọn sí i. Òórùn jíjó ta sí i nímú. Kíá ni Sùlíyá gbé ilé náà kúrò.

"Fi í sílẹ̀, Sìlífátù," ni Sùlíyá wí jẹ́jẹ́. "Jẹ́ kí ọkọ̀ rìn láìsí ilé obì."

Omi lé ròrò sójú Sìlífátù.

"Rárá," ó wí. "Agége wo ni kò ní ilé obì?"

Ó jókòó. Ó ronú. Kí ló ń gbé òrùlé dúró? Òpó ni.

Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ. Ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, pá. Ó fi ọ̀kan ti òrùlé níhìn-ín, ó fi ọ̀kan tì í lọ́hùn-ún. Òrùlé gbéra díẹ̀.

Ni ládàánì bá pe ìrun Àsárì. Àkókò tí ọkọ̀ yóò rìn ti tó.

Nílé Bùrọ̀dá Reuben, àwọn ọmọ ti yí tábìlì ká. Sìlífátù rọra gbé ilé obì sí àyè rẹ̀.

Bùrọ̀dá Reuben bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n wo òrùlé náà pẹ́.

"Sìlífátù," ni wọ́n wí, "tí ọkọ̀ yìí bá ti ń sáré, kì í dúró. Tó bá kọlu òrùlé rẹ, yóò já bọ́ sílẹ̀, yóò sì fọ́. Bàbá mi ló fún mi ní ọkọ̀ yìí kí wọ́n tó kú."

Sìlífátù wo ọkọ̀, ó wo òrùlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Sìlífátù wí. "Ẹ má tíì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọwọ́ tì í wò."

Bùrọ̀dá Reuben gbé ọkọ̀ náà fún un. Sìlífátù gbà á. Ó gbé e lé irin. Ó ń tì í. Díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀.

Kó.

Ọ̀pá èéfín ọkọ̀ kan òrùlé.

"Jọkẹ́, bá mi fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wá," ni Sìlífátù wí. "Èyí tó gùn."

Jọkẹ́ fà á wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Sìlífátù fi í wọn ọ̀pá èéfín. Ó fi ìwọ̀n èékánná kan lé e. Pá. Pá. Òpó tuntun méjì dúró.

Ó tún ti ọkọ̀ náà. Díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń retí kó.

Wọn ò gbọ́ kó.

"Ṣé kí n yí i?" ni Bùrọ̀dá Reuben béèrè.

Sìlífátù gbé ọkọ̀ náà fún wọn. "Ẹ yí i, sà."

Kirí, kirí, kirí. Fàkà-fíkì, fàkà-fíkì!

Ọkọ̀ kọjá ibùdókọ̀ Mùíbì. Ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì Jọkẹ́. Ó ń bọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Sìlífátù fẹ́ di ojú. Kò di ojú.

Ọkọ̀ wọ abẹ́ òrùlé. Òrùlé gbọ̀n. Òpó gbọ̀n.

Fàkà-fíkì, fàkà-fíkì. Ó jáde sí òdìkejì.

Bùrọ̀dá Reuben mí kanlẹ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni ìyá Sìlífátù wọlé, tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Wọ́n wo páànù tó dógùn-ún. Wọ́n wo ògiri dúdú àti ẹrẹ̀ pupa. 

Wọ́n wá rọra na ìka kan sí iwájú ilé obì kékeré náà.

"Ibí yìí ni mo máa ń jókòó sí," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," ni Sìlífátù dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ sún díẹ̀. Ọkọ̀ ń bọ̀."