Ọjọ́ Tí Humairah Wẹ Ẹ̀wà

Humairah jí. Ojú rẹ̀ kò tíì là tán tó ti ń sáré. Pátá, pátá, pátá, ó di ẹ̀yìnkùlé.

Ní abúlé wọn lẹ́bàá Akanran, ebè kan wà tó jẹ́ ti Humairah nìkan. Òun ló gbin ẹ̀wà síbẹ̀. Òun ló ń ro ó.

"Ẹ̀wà mi, ṣé o jí dáadáa?"

Ó fa koríko. Pó! Ó fa koríko. Pó! Ó fa... yéè, ẹ̀wà ni.

Ó wo gbòǹgbò rẹ̀. Kókó kéékèèké, kókó róbótó-róbótó, ló kún ibẹ̀.

Àyà rẹ̀ já. "Eéwo ti mú ẹ̀wà mi."

Ó tu òmíràn wò. Pó! Eéwo. Ó tún tu òmíràn. Pó! Eéwo.

Ẹ̀rù bà á gan-an. Ṣé gbogbo ẹ̀wà rẹ̀ máa kú ni?

Humairah ronú. Nígbà tí eéwo mú Safwan, àbúrò rẹ̀, ọṣẹ dúdú ni Ìyá Àgbà fi wẹ̀ ẹ́. Ara Safwan sì yá.

Ó sáré mú ọṣẹ dúdú. Ó mú kànrìnkàn. Ó bu omi sínú báàfù.

Ó ha gbòǹgbò, ó ha á, ó ha á. Kókó ń bọ́ sínú omi. Tó, tó, tó.

Ó tún ẹ̀wà mẹ́ta náà gbìn. Ó nawọ́ sí ìkẹrin.

"Humairah, kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Ìyá Àgbà ló dé.

"Eéwo mú ẹ̀wà mi, Ìyá Àgbà. Mò ń wẹ̀ ẹ́ ni."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n mú kókó kan, wọ́n fi èékánná là á. Inú rẹ̀ pupa díẹ̀, bí ètè Safwan.

"Eéwo kọ́ nìyí. Ilé ni. Kòkòrò tíntìntín ló ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n kéré débi pé ojú wa kò lè rí wọn."

"Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ̀wà mi ni?"

"Rárá o. Wọ́n ń bọ́ ẹ̀wà rẹ ni. Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń mú oúnjẹ fún un. Ẹ̀wà náà á fún wọn ní ohun dídùn mu. Tí a bá ká ẹ̀wà tán, a kì í tu gbòǹgbò rẹ̀. Àgbàdo tí a bá gbìn síbẹ̀ á rí nǹkan jẹ."

Humairah wo omi ọṣẹ. Ó bú sẹ́kún. "Mo ti ba ilé wọn jẹ́."

Ó nu imú. Ó ronú. "Ìyá Àgbà, níbo ni wọ́n ń gbé kí wọ́n tó kọ́lé?"

"Inú ilẹ̀ yìí náà ni."

Humairah fò sókè. Pátá, pátá, pátá! Ó bu erùpẹ̀ nídìí ẹ̀wà tí kò tíì wẹ̀. Ó kó o sídìí àwọn mẹ́ta tó ti wẹ̀. Ó bomi rin wọ́n, omi lásán, kò sí ọṣẹ.

"Orí rẹ pé, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí.

Ilẹ̀ mọ́. Ewé wọn rọ wọ̀ọ̀. Ilẹ̀ tún mọ́. Ewé ṣì rọ. Humairah kò fẹ́ jẹun.

Ilẹ̀ tún mọ́. Ewé tuntun yọ lórí èkíní. Ó yọ lórí èkejì. Ó yọ lórí ẹ̀kẹta!

Humairah jó. Safwan, tí kò mọ nǹkan kan, bá a jó.

Humairah wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí fún àwọn tó wà nínú ilẹ̀.

Ó dẹ etí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọwọ́ wọn dí.