Ohun Tó Ń Kùn Lábẹ́ Jíìpù Tinúkẹ́

Àdúrà ni Tinúkẹ́ kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin náà ń gbà. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀ kan nínú officina kan, ilé àtúnṣe ọkọ̀, ní àdúgbò Barriera di Milano, ó di ojú pinpin, ó fi ìdí igi gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé etí lé orí igi náà. Rédíò ń pariwo, òòlù ń dún gbàn-gbàn, ṣùgbọ́n òun ò gbọ́ ìkankan nínú wọn. Gírísì ti kun aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tán. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ tutù, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì wu Tinúkẹ́ débi pé ó gbàgbé ohun tó gbé e wá síbẹ̀.

Ọkùnrin náà la ojú. Ó rí i, ó rí jíìpù tó gbé wá, ó rí "Olúwa Ṣeun" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀, ó sì bọ́ sí Yorùbá láìbèèrè.

"Sister, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú, mò ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì yìí ni."

"Kí ló wá sọ fún yín?"

"Ó ní òùngbẹ ọ́ìlì ń gbẹ òun."

Tinúkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Akínbọ̀dé ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọdún 1996 la wà yìí, àwọn Yorùbá tó ń tú ọkọ̀ jẹun ní Torino, ní Ítálì, ò sì pọ̀ rárá.

Jíìpù àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni jíìpù náà. Ìyá arúgbó kan ni Tinúkẹ́ ń tọ́jú ní abúlé orí òkè lápá Cuneo. Ọjọ́ Ajé ló ń gun òkè náà lọ, ọjọ́ Ẹtì ló ń sọ̀ kalẹ̀ padà sí Torino. Nígbà òtútù tó kọjá, yìnyín há a mọ́ ojú ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Bàbá rẹ̀, Ògúnjìnmí, fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ni bàbá náà ti ń kó ẹrù báyìí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ló ń tún ṣe nílé kó tó wá. Ó ra sípíríńgì gígùn àti táyà ràgàjì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé jíìpù náà sókè, kí yìnyín má baà mú ọmọ òun mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni jíìpù ti ń kùn.

"Dádì ní táyà ni," Tinúkẹ́ wí. "Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tú nọ́ọ̀tì kan lára ẹ̀. Ọ́ìlì nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi wò."

"Ìgbà wo ló máa ń kùn?"

Kò sẹ́ni tó bi Tinúkẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó rò ó dáadáa. "Tí mo bá ń gun òkè, tí mo tẹ tòròtù. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dákẹ́."

"Ẹ káre! Táyà ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yín wà lórí tòròtù. Tó bá jẹ́ òun ni, kò ní dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà á kí n gbọ́."

Wọ́n gba ọ̀nà òkè Superga. Akínbọ̀dé fi etí lé ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn, ó ń ké pé, "Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ fi í sílẹ̀! Piano, piano, ẹ rọra!" Ariwo náà ń wá, ó ń lọ, gìrì-gìrì-gìrì, gẹ́lẹ́ bí Tinúkẹ́ ṣe wí. Nígbà tí wọ́n dé òkè, Akínbọ̀dé jókòó, ó ń gbọn eruku orí.

"Ẹ mọ ọkọ̀ wà o, sister. Àwọn ọkùnrin kan ti gbé mi gun ibí yìí tí mo fi ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi."

"Tinúkẹ́ lorúkọ mi. Sister yẹn ti pọ̀ jù."

Akínbọ̀dé sọ fún un pé ohun tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀ ló ń ké, pé kó máa rọra wà á, kó máa gbọ́ ọ bá òun. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni Akínbọ̀dé ń lọ sí cabina, àpótí tẹlifóònù, ní Corso Giulio Cesare láti pè é ní ilé ìyá arúgbó náà.

"Pronto. Ṣé ó ṣì ń kùn?"

"Jíìpù àbí èmi?"

"Ìwọ náà ń kùn ni?"

"Màá kùn tó ò bá pè mí lọ́la."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé, láìkanlẹ̀kùn. Tinúkẹ́ fẹ́ràn bí Akínbọ̀dé ṣe ń dákẹ́ kó tó dáhùn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òun náà tó ohun tí èèyàn ń gbé etí lé. Wọ́n fẹnu kò pé tó bá di oṣù tó ń bọ̀, Akínbọ̀dé yóò wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Tinúkẹ́ wa jíìpù náà wọ officina. Kíkùn ti di ariwo gbàn-gbàn, sítíárìn sì ń jà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tú u," ó wí. "Mi ò sọ fún Dádì."

Akínbọ̀dé yọ irin gígùn tó ń gbé agbára gíà lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpẹ́là, ó fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan fa ọkọ̀ náà jáde. Wọ́n yí àdúgbò ká. Kẹ́kẹ́ pa, ariwo ti lọ.

Ó gbé irin náà sórí tábìlì. Abala méjì ni, tí ọ̀kan ń wọnú èkejì, oríkèé sì wà ní orí kọ̀ọ̀kan. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wọn. "Ó yẹ káwọn oríkèé yìí kọjú síbì kan náà. Wò ó, ọ̀kan wo ìlà oòrùn, èkejì wo àríwá. Tí wọ́n bá ń yí, ìjà ni wọ́n ń jà. Ẹni tó gbé ọkọ̀ yìí sókè ló fà wọ́n yọ, tó sì tò wọ́n padà lódì."

Àwọn méjèèjì mọ ẹni náà.

"Tò ó dáadáa, kó o sì dákẹ́," Tinúkẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Jọ̀ọ́. Nígbà kan tí ọkọ̀ bà jẹ́, àbúrò Dádì ní ọwọ́ Dádì ló bà á jẹ́, títí dòní wọn ò kí ara wọn. Wọn ò ní fi mí fún ọ."

"Tí mo bá dákẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi gírísì sí i, wọ́n á tún tò ó bẹ́ẹ̀. Á já lọ́jọ́ kan, ìwọ lo sì máa wà nínú ẹ̀ lórí òkè." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Tinú mi, mo lè fara dà á kí wọ́n má fi ọ́ fún mi. Mi ò lè fara dà á kí òkè gbà ọ́."

Inú bí Tinúkẹ́. Ó jáde, ó rìn dé etí odò Dora, ó sunkún. Nígbà tí omijé gbẹ, ó rí i pé ìbẹ̀rù nìkan ló ń bí òun nínú, pé irú ọkùnrin yìí gan-an lòun ń wá. Ó padà, ó tẹ bàbá rẹ̀ láago, ó sọ fún un pé wọ́n ti tú jíìpù náà, pé ẹni tó tú u sì ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá a sọ lóṣù tó ń bọ̀.

Bí Ògúnjìnmí ṣe wọlé ló ti ń jágbe. "Ta ló tú ọkọ̀ mi? Ṣé wọ́n ti bí i nígbà tí mo ń tú bọ́ọ̀sì palẹ̀?"

Abẹ́ jíìpù ni Akínbọ̀dé wà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, irin náà wà láyà rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ dákun, ojú tèmi ò tó o ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó."

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bàbá náà dúró, ó wo ìsàlẹ̀, ó bọ́ kóòtù. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sì wọlé sábẹ́ ọkọ̀.

Tinúkẹ́ ò rí ojú wọn mọ́. Bàtà mẹ́rin ló rí, tí orí gbogbo wọn kọjú sókè. Sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọn oríkèé yìí ò kọjú síbì kan náà," Ògúnjìnmí wí nígbẹ̀yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ẹni tó tò ó ò fara balẹ̀."

"Ó lè jẹ́ òtútù, sà. Ó lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló ń rò."

Ohùn bàbá náà wálẹ̀. "Èmi ni. Ọmọ mi ni mo ń rò lóòótọ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa á." Ó mí kanlẹ̀. "O mọ̀ pé mo lè lé ọ."

"Mo mọ̀ sà."

"Wọ́n ní o ní ọ̀rọ̀ kan tó o fẹ́ bá mi sọ lóṣù tó ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ẹ̀yìn lo wá fi lélẹ̀ yẹn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó nílé yín nìyẹn?"

Gbì! Orí Akínbọ̀dé kan irin. Lẹ́yìn náà, Tinúkẹ́ rí i tí bàtà méjì rọra yí padà, tí orí wọn wá kọjú sílẹ̀ lórí páálí tó kún fún gírísì yẹn.

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi," Ògúnjìnmí wí. "Ó yá, Tinúkẹ́, fún wa ní sípánà, ká tò ó bó ṣe yẹ."

Tinúkẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn.