Omi Tó Ń Kán Láìsí Òjò

"Omi tún ti kán sí i!" Ìyá mi na agbádá funfun kan sókè. Àmì pupa ti wà ní àyà rẹ̀, aṣọ ọ̀gá kan ní Plateau, àdúgbò àwọn olówó, sì ni. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ la wà, òjò ti dáwọ́ dúró ní Niamey tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ omi ń kán láti àjà ilé ìfọṣọ wa ní Talladjé.

"Iṣẹ́ ọwọ́ Jàfárù nìyí," ni ìyá mi wí.

Bàbá Jàfárù, bí àwa ọmọdé ṣe ń pè é, ni pulọ́ńbà tó fa omi láti táńkì orí òrùlé wá sínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni. Ìyá mi kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sílé. Ní ìpàdé àwọn ọmọ ìlú lọ́jọ́ Àìkú, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí ilé òun di odò ni kó pe Jàfárù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, oníbàárà méjì ti ní kí bàbá náà má wá mọ́.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó ṣáájú kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán ni Mọ́rìlíátù ọ̀rẹ́ mi gun orí ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ, tó ṣí pátákó àjà kan, tó sì ki fóònù rẹ̀ bọ ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù títí yóò fi ṣe ìdánwò BEPC tán. Nǹkan kan dún gbàgà lókè. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì búra fún un.

Láàárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Mọ́rìlíátù ń kàwé nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Bàbá Jàfárù wọlé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ti omi táńkì pa, ó sì jókòó. Ẹ̀kán omi kan kò jábọ́.

"Ìyá Ìlhàm, ẹ tan ẹ̀rọ tí ẹ fi ń mú aṣọ gbẹ."

Ìyá mi tàn án. Òun la máa ń lò nínú ọyẹ́, nítorí eruku kì í jẹ́ ká sá aṣọ funfun síta. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á, ó sì fi ìka ra á.

"Táńkì wà ní títì, omi sì ń kán. Ẹ wo òwú aṣọ nínú rẹ̀. Ooru ẹ̀rọ yín ló ń tú sínú àjà, tó ń kan páànù tútù, tó ń di omi."

Ó gun òkè. Páìpù tó yẹ kó gbé ooru náà síta ti já ní oríkèé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti mú fóònù kan jáde nínú ọ̀rá dúdú.

"Ta ló ni ín?" ni ìyá mi béèrè.

Mo wo Mọ́rìlíátù. Òun náà wò mí, ojú rẹ̀ kò sì yẹ̀.

"Tántì, Ìlhàm ló ni ín. Mo ní kó gbé e kúrò níbẹ̀, kò gbọ́."

Láti kíláàsì kìíní ni a ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìyá mi tẹ fóònù náà, àwòrán Mọ́rìlíátù yọ lójú rẹ̀. Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde láìwẹ̀yìn.

"Ó dà mí," ni mo ń sunkún wí. "Mo pa àṣírí rẹ̀ mọ́, ó sì dà mí."

Bàbá Jàfárù ń nu ọwọ́ rẹ̀. "Ó yẹ kó dùn ẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni o ń kúnlẹ̀ kí mi. Ṣé o ti mọ̀ pé ẹnìkan gun ibẹ̀?"

Ìyá mi yíjú sí mi, mi ò sì lè wò ó.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ Bàbá níṣojú gbogbo èèyàn, èmi náà sì fi ẹnu ara mi ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Oníbàárà kan pe Bàbá padà. Èkejì ti gba pulọ́ńbà mìíràn.

Inú ṣì ń bí mi sí Mọ́rìlíátù. Ṣùgbọ́n ó ti yé mi pé àṣírí tí aláìṣẹ̀ bá ń jìyà rẹ̀ kò yẹ ní pípamọ́, ẹni yòówù kó bẹ̀ mí. Ìṣẹ́jú kan ni Mọ́rìlíátù fi dà mí. Èmi ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko da Bàbá Jàfárù.