Aṣọ Tí A Kò Ta Kókó Sí

Obìnrin tó ń pe Télọ̀ lórí fóònù kì í mí.

Ẹlòmíràn lè má kíyè sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Télọ̀ ti ń wọn àyà ènìyàn. Bó bá ti fi téèpù yí oníbàárà ká, á dúró kí ẹni náà mí síta kó tó ka iye tó rí. Kò sí bí ẹnu ènìyàn ṣe lè yá tó, á dánu dúró, á mí. Obìnrin yìí sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, ohùn rẹ̀ ń dán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, kò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Baba, ẹ kú ọ̀sán o. A fẹ́ pè yín sí sẹ́mínà kan, àǹfààní òwò tó máa yí ayé yín padà ni. Ìjókòó ti wà nílẹ̀ fún yín."

"Òwò kí ni?"

"Wọn kì í sọ ọ́ lórí fóònù, Baba. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló ń mọ̀."

"Ṣé ẹja lẹ ń tà ni àbí ilẹ̀?"

"Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló ń mọ̀."

"Ta ló tiẹ̀ fún yín ní nọ́ńbà mi?"

"Ẹ̀yin náà ni, Baba."

Télọ̀ pa fóònù náà. Ìyá tó bí i ti kìlọ̀ fún un láti kékeré pé ohùn tí ènìyàn ò bá rí olúwa rẹ̀, a kì í dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ayé ti di ayé fóònù. Bó bá ní òun ò ní dá ohùn tí òun ò rí lóhùn, ta ni yóò máa gbé aṣọ wá?

Lọ́jọ́ kejì, ní aago méjì ọ̀sán, ó tún dún. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kẹta. Ó di pé bí aago méjì bá ti ń sún mọ́lé, ẹsẹ̀ Télọ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ mọ́ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa sáré kọjá ibi tó fẹ́ kó dúró.

Fóònù kan ṣoṣo ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin jọ ń lò, nítorí ti ọmọ náà ti já bọ́ sínú omi. Ìyá Kékeré ni Télọ̀ ń pe ọmọ yìí, torí pé láti ọmọ ọdún mẹ́ta ló ti ń pàṣẹ fún bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé, ìyá ọmọ ti kú. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ilé iṣẹ́ tí Ìyá Kékeré ti ń tọ́jú ìwé ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Láti ìgbà náà, orí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìsọ̀ ló ń jókòó sí, tó ń wo ìta. Òun ló gbé fóònù náà lọ́jọ́ kẹrin.

"Baba, wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta. Wọ́n ní kí n wọ kóòtù aláwọ̀ eérú."

"Òwò kí ni?"

"Wọ́n ní ẹni tó bá dé ibẹ̀..."

"Ló ń mọ̀. Mo ti gbọ́. Ìyá Kékeré, ẹni tó bí ọmọ tó dára, ṣé ó máa ń fi orúkọ ọmọ pamọ́ ni?"

"Baba, oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń jókòó sórí àpótí yìí. Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó síbòmíràn, kódà kó jẹ́ fún wákàtí kan."

Ọ̀rọ̀ náà gún Télọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ. Olóríkunkun ni, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo wà láyé tó lè tẹ̀ ẹ́, ẹni náà ló sì jókòó síwájú rẹ̀ yìí. Ó mú téèpù. Ó wọn àyà ọmọ rẹ̀, ó dúró kó mí síta.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Tíṣà kú. Tíṣà yìí ló kọ́ Télọ̀ ní ìwé kíkà nígbà tí irun orí Télọ̀ ti ń funfun, tó jókòó tì í lójoojúmọ́ títí tó fi lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwọ̀n aṣọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ Tíṣà gbé aṣọ wá kí ó fi rán kóòtù tí wọ́n fẹ́ fi sin ín. Aláwọ̀ eérú lòun náà. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìsìnkú.

Ọ̀gá tó kọ́ Télọ̀ níṣẹ́ fi òfin kan lé e lọ́wọ́ tí kò rú rí. Etí apá, ọrùn àti ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń parí wọn. Bó bá jẹ́ aṣọ alààyè, ta kókó sí ìdí òwú níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá jẹ́ aṣọ òkú, fi òwú sílẹ̀ láìta kókó. "Òkú ń rìnrìn àjò," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "Bí o bá ta kókó sí aṣọ rẹ̀, o ti dè é mọ́ ọ̀nà. Alààyè ni kí o so mọ́lẹ̀. Alààyè tí a kò so, ohun tó bá wù ú lè fà á lọ."

Ọjọ́rú, kóòtù méjèèjì wà lórí tábìlì. Télọ̀ ti rán àmì rẹ̀ sínú ọrùn wọn, aṣọ funfun pélébé tó ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lára, bó ṣe ń ṣe sí gbogbo aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ó fi òwú sí abẹ́rẹ́. Fóònù dún. Ó gbé kóòtù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé fóònù. Kò sí ohùn, kò sì sí èémí. Ó padà síbi iṣẹ́. Fóònù dún. Ìgbà mẹ́ta ni, ó sì máa ń jẹ́ nígbà tó bá kan ìdí òwú gẹ́lẹ́. Ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ọkàn ò sí níbẹ̀. Nígbà tó parí, ó gbé kóòtù méjèèjì fún Ìyá Alágbàfọ̀ ní ìsọ̀ kejì pé kó bá òun lọ̀ wọ́n.

Wọ́n sin Tíṣà láàárọ̀. Lẹ́yìn aago méjì, Ìyá Kékeré wọ kóòtù tirẹ̀, ó yí lẹ́ẹ̀kan kí bàbá rẹ̀ lè wò ó, ó sì jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù mẹ́jọ tí Télọ̀ máa rí eyín rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ìyá Alágbàfọ̀ yọjú.

"Wo etí apá ẹ̀wù rẹ, Télọ̀, òwú ń yọ bí irùngbọ̀n òbúkọ. O ń rán ti gbogbo ayé, o ò rántí parí tìrẹ."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá bi ọ́ ni. Látìgbà wo lo ti ń ta kókó sí aṣọ òkú?"

Télọ̀ gbójú sókè. "Aṣọ òkú wo?"

"Ti Tíṣà. Mo fọwọ́ kàn án nígbà tí mò ń lọ̀ ọ́. Kókó mẹ́ta, ó le bí òkúta."

"Ti Ìyá Kékeré ńkọ́?"

"Ìyẹn ò ní kankan."

"O rí i, o ò sọ̀rọ̀?"

"Èmi? Lọ́jọ́sí tí mo sọ̀rọ̀ bọ́tìnnì, ṣé o ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àyọ́nù mi lé mi jáde ni?"

Télọ̀ fò dìde. Ó ti wà ní ìta láìwọ bàtà.

Òpópónà kẹta ni Ìyá Kékeré ní sẹ́mínà náà wà, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta àga ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọpọ́n ìwẹ̀. Àtẹ̀gùn náà mọ́ tónítóní, ó tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka méjì wo etí apá ẹ̀wù ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Ó wo ti Télọ̀, ó rí òwú tó ń yọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ wọlé, Baba. Kò sí kókó ní etí apá yín."

Ìgbà yẹn ni Télọ̀ wo kóòtù náà dáadáa. Ó mọ ìránṣọ náà. Kóòtù tí òun fúnra rẹ̀ rán fún òkú awakọ̀ kan ni, tí wọ́n sin ní òjò èṣí.

"Ta ló fún yín ní nọ́ńbà mi?" ni Télọ̀ bi í.

Ọkùnrin náà yí ọrùn kóòtù rẹ̀ síta, ó fi aṣọ funfun pélébé ibẹ̀ hàn án. "Ṣé ẹ rí i, Baba? Wọ́n fún wa níṣẹ́ níbi tí a dé. Wọ́n ní ká máa pe èèyàn. Ẹni tí a mọ nọ́ńbà rẹ̀ la kọ́kọ́ pè."

Inú gbọ̀ngàn náà kún fún àga. Ọkùnrin kan dúró níwájú, ó ń sọ̀rọ̀ geere: "Ó ti rẹ̀ yín. Ẹ ti dúró pẹ́. Nínú òwò tiwa, jíjókòó nìkan ni iṣẹ́." Ẹ̀yìn kóòtù ni Télọ̀ ń wò bó ṣe ń kọjá, ẹ̀yìn kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì mọ gbogbo wọn. Òun ló gé wọn. Kò sí àyà kan tó ń lọ sókè sódò nínú wọn. Láàárín wọn ni àwọn alààyè jókòó sí, ojú wọn là sílẹ̀, àyà tiwọn ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí aago tó fẹ́ kú.

Ó rí ọmọ rẹ̀ ní ìlà kẹta. Ó wo àyà rẹ̀. Ó mí. Télọ̀ kà dé ogún kó tó mí èkejì.

Abẹ́rẹ́ kì í kúrò ní àyà ẹ̀wù Télọ̀, òwú kì í sì í kúrò nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ láàárín àga. Ó ta kókó sí etí apá, Ìyá Kékeré ṣẹ́jú. Ó ta á sí ọrùn, ọmọ náà wúkọ́. Ó ta ẹ̀kẹta sí ìṣẹ́tí.

"Baba? Ṣé ẹ̀yin náà wá jókòó ni?"

"Dìde, Ìyá Kékeré. Má wẹ̀yìn."

Ẹnikẹ́ni ò dá wọn dúró. Ẹnu ọ̀nà ni awakọ̀ ti rọra sọ̀rọ̀ sí Télọ̀ létí, afẹ́fẹ́ kankan ò tẹ̀ lé e:

"A ò bínú, Baba. Ẹ ti mú tiyín. Ẹni tí ẹ dè ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá àti ọmọ jókòó, wọ́n ń wo fóònù lórí tábìlì. Kóòtù eérú Ìyá Kékeré wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aago méjì lù, fóònù sì dún.

"Ẹ má gbé e, Baba."

Télọ̀ gbé e.

"Ọmọ mi," ni ohùn Tíṣà wí, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó bá ń tọ́ka sí lẹ́tà lórí ìwé. "Ọwọ́ mi ò ṣí. Ilẹ̀ ò gbà mí, ọ̀nà ò gbà mí. Ìjókòó kan ṣófo níbí, wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀ dè ọ́. Mú àlùmọ́gàjí bọ̀."

Télọ̀ dúró kí Tíṣà mí. Kò mí.

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú àlùmọ́gàjí. Ìyá Kékeré ti fa abẹ́rẹ́ yọ, ó di etí apá ẹ̀wù bàbá rẹ̀ mú níbi tí òwú ti ń yọ.

"Ẹ jẹ́ kí n ta á kẹ́ ẹ tó lọ."

Télọ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Bí o bá ta á, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé. Ẹni tó kọ́ mi níwèé ni mo dè, Ìyá Kékeré. Mi ò lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

"Bí ẹ bá jókòó ńkọ́?"

"Mi ò ní jókòó. O mọ̀ mí, ẹnì kan ò sọ fún mi pé kí n jókòó kí n jókòó rí." Ó fẹ́ kí ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. "Fóònù yẹn, bó bá dún, má gbé e."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?"

"Òun kan ṣoṣo la ní, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọ. Kò lè jẹ́ èmi."

Ó jáde sórí àtẹ̀gùn ìsọ̀. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ tí fóònù fi dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró. Fóònù dún títí, ó dákẹ́. Ọkàn Télọ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó tún dún, kò sì pẹ́ rárá lọ́tẹ̀ yìí kó tó dákẹ́. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, tòun ti ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀:

"Baba! Ẹ ti tètè dé ibẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n, mo ń gbọ́ yín. Kóòtù náà? Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbí. Kí n kọ́kọ́ tú kókó rẹ̀? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"