Ìwọ̀n Irin Igba

Òkú Kweku Essilfie, bíríkìlà, ṣì wà lábẹ́ òpó tó wó nígbà tí Tawia dé. Ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn ìlú Sekondi. Iṣẹ́ Tawia ni kó ṣírò ohun tí ilé máa gbà kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀: irin, sìmẹ́ńtì, owó, ọjọ́. Àwọn tó gbé iṣẹ́ náà jáde ló ní kó wá wádìí.

Ó lóṣòó síbi tí òpó ti ṣẹ́, ó wọn irin inú rẹ̀. Mìlímítà méjìlá. Mẹ́rìndínlógún ló wà nínú àwòrán.

Ó kọ́kọ́ pe Ebo, tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí.

"Ìwọ lo ta irin ńlá, tó o fi kékeré rọ́pò?"

"Àǹtí, ẹ má kó mi sí wàhálà! Irin igba ni ọkọ̀ já sílẹ̀, igba ni mo kó fún Bentsil. Ẹ bi í."

Bentsil tó ń tẹ irin ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Èmi àti Kweku la jọ jẹ kẹ́ńkẹ́ láàárọ̀ yìí! Mo ní irin yìí tín-ín-rín. Ebo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé!"

"Ṣé irọ́ ni mo pa? Iye rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀ bá ìwé mu!"

"Ìwé dà?" Tawia bi í.

Ebo mú un wá. Irin igba, oní-mẹ́rìndínlógún. Àpapọ̀ ìwúwo: tọ́ọ̀nù méjì.

Tawia ṣírò ó. Igba irin oní-mẹ́rìndínlógún á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Méjì, ìwúwo oní-méjìlá ni. Ìwúwo ni wọ́n sì fi ń ta irin. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan níbí. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n ti ṣe é, lórí ìwé.

Ghartey, agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ ilé náà, ló buwọ́ lù ú. Òun ló kọ́ Tawia níṣẹ́.

Ó bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Takoradi. Ó tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Èmi ni," ni Ghartey wí. "Orúkọ irin làwọn alábẹ̀wò máa ń kà. Wọn kì í ka ìwúwo."

"Kí ló dé, ọ̀gá?"

"Iṣẹ́ mẹ́ta ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ogójì òṣìṣẹ́ ń wo ojú mi. Ẹni tí iye owó tó bù bá kéré jù ni wọ́n ń fún níṣẹ́. Mo rò pé òpó á gbà á."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ká má rò ó, ká wọ̀n ọ́n!"

Ghartey bojú. "Tawia, ọ̀kan kọ́. Irú irin yìí náà ni mo fi kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kejì, lábúlé apẹja kan lọ́nà Axim. Wọ́n ti ṣí i."

Ọlọ́pàá mú Ghartey lọ. Tawia pe ọ́fíìsì ìjọba àgbègbè tí abúlé náà wà, pé kí wọ́n kó àwọn èèyàn jáde nínú ilé náà.

"Màdáàmù, láìsí lẹ́tà láti òkè, a ò lè lé aláìsàn jáde."

Ó wakọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Òjò ńlá ń rọ̀ nígbà tó dé. Àwọn ìyá ọlọ́mọ kún inú ilé náà dẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde! Òpó ilé yìí ò lágbára!"

Ìyá àgbà kan wo òpó. Ó funfun, ó dúró ṣánṣán.

"Ọmọ mi, èyí tó dúró yìí? Ta ló fẹ́ gbọ́mọ ọwọ́ bọ́ sínú òjò?"

Tawia di ọwọ́ obìnrin tó sún mọ́ ọn jù mú. Obìnrin náà rọra yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò, ó fi bo ọmọ rẹ̀ lórí.

Kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Tawia jókòó tì wọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà.