Ngueve Tó Ń Hú Bọ́ǹbù

Èébú ni Ngueve fi kí Sapalo lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ewúrẹ́ Sapalo ló já, tó kọrí sínú oko tí àwọn ológun ri bọ́ǹbù sí nígbà ogun Àǹgólà. Sapalo ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá igi olórí pupa tí wọ́n fi ṣe àmì ewu, kó tó gbọ́ ohùn obìnrin kan.

"Dúró síbẹ̀! Àbí ẹsẹ̀ méjèèjì ti sú ẹ ni?"

Sapalo dúró gbagidi. Obìnrin náà, ọ̀kan lára àwọn tó ń hú bọ́ǹbù kúrò nínú oko náà, gbé ìbòjú ààbò rẹ̀ sókè. "Dá ẹsẹ̀ ẹ padà síbi tó ti kúrò gan-an. Jẹ́jẹ́."

"Ewúrẹ́ mi ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ ẹ fúyẹ́ jù ẹ́ lọ, ó sì gbọ́n jù ẹ́ lọ. Á bọ̀."

Ẹ̀rín pa Sapalo níbi tí ẹ̀rù ti ń bà á. Ọjọ́ náà gan-an ni ìfẹ́ Ngueve kó sí i lọ́kàn.

Oko yìí ló pa Kassoma, bàbá Sapalo, nígbà tí ebi lé e wọ ibẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ilẹ̀ dúdú etí odò ni, kò sí irú rẹ̀ lábúlé, ṣùgbọ́n koríko ló ń hù níbẹ̀, àwọn onílẹ̀ sì ń ra ìyẹ̀fun àgbàdo jẹ nílùú Kuito. Sapalo á jókòó lókèèrè, á máa wo Ngueve lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi ọwọ́ yẹ ilẹ̀ wò bí ìyá tó ń yẹ orí ọmọ wò.

"Ẹ̀rù kì í bà ẹ́ ni?" ó bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ó ń bà mí. Ìyẹn ni mi ò fi ń kánjú. Ẹsẹ̀ kan ni àbúrò mi obìnrin fi ń rìn, Sapalo. Arẹwà ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó wá tọrọ rẹ̀ mọ́. Èèyàn ló gbin bọ́ǹbù, èèyàn náà ló gbọ́dọ̀ hú u."

"Ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣaya, olólùfẹ́ mi."

"Lọ bi ìyá ẹ."

Màmá Chilombo kọ̀ jálẹ̀. "Mo ti sin ọkọ. Mi ò ní sin ìyàwó ọmọ! Kó fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀, n ó gbé e jó."

"Tó bá fi sílẹ̀, Màmá, ta ni yóò bá ìyá ẹlòmíì tún oko tiẹ̀ ṣe?"

Nígbà tí Ngueve gbọ́ ohun tí ìyá Sapalo sọ, ó sunkún, ṣùgbọ́n ó ní, "Mi ò ní fi sílẹ̀, ọkàn mi. Mi ò sì ní parọ́ fún ìyá ẹ."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, olórí abúlé kó gbogbo ènìyàn jọ. Àwọn ahúbọ́ǹbù so ọwọ́ pọ̀, wọ́n rin oko náà já láti fi hàn pé kò séwu níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, kò sí ará abúlé kankan tó mira. Ngueve bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán padà wọ àárín oko. Sapalo bọ́ tirẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ ti lọ. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́.

Àṣé ilé ni Màmá Chilombo lọ. Ó dé pẹ̀lú aṣọ tuntun lára àti àgbébọ̀ adìyẹ lábẹ́ apá.

"Ngueve, ibo nilé ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ tó dúró bíi bàbá fún ẹ?"

"Lódìkejì oko níbẹ̀ yẹn, Màmá. Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn òkè."

"Kí ló dé? Ṣé ìyàwó mi ò mọṣẹ́ ẹ̀ ni?"

Ó gbé ẹsẹ̀ wọ oko. Níbi tí ọkọ rẹ̀ ṣubú sí, ó dúró, omi ń dà lójú rẹ̀. "Kassoma, mò ń lọ tọrọ ìyàwó fọ́mọ ẹ." Ó nu ojú, ó tún adìyẹ gbá mọ́ra, ó sì ń lọ. Gbogbo abúlé rọ́ tẹ̀ lé e.